Kí A Má Ṣe Lé Ẹ̀wà Ọjọ́rú Lọ

Ìwé ẹ̀bẹ̀ kan ń lọ láti yàrá dé yàrá ní kọ́lẹ́jì wa láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí Ọ̀gá wa pàṣẹ fún àwọn ìyá alásè kí wọn má ṣe se ẹ̀wà fún wa mọ́ ní Ọjọ́rú àti ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí wọn fi gàrí tàbí ìrẹsì rọ́pò rẹ̀. Ìdí tí a kọ sínú rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: pé ẹ̀wà ń wú inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, pé kì í jẹ́ kí wọn sùn lóru, àti pé ó ń dójú ti ènìyàn ní kíláàsì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Orúkọ tí ó wà lábẹ́ ìwé náà ti pọ̀. Àwa tí a ń kọ èyí kò fi orúkọ wa sí i, a kò sì ní fi sí i. Nítorí náà ni a ṣe tọrọ àyè lọ́wọ́ Olóòtú, kí a lè sọ èrò ọkàn wa fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kí ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n sì gbọ́ ọ pẹ̀lú, kí ìwé ẹ̀bẹ̀ náà tó dé ọwọ́ yín.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a fẹ́ pe àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní òpùrọ́. Inú wọn ń wú lóòótọ́. Àwa pàápàá mọ bí ikùn ti í le bí awọ ìlù lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tí ìgbànú kì í sì í gba ihò tí ó gbà ní òwúrọ̀. Bí inú ti í kùn bí ẹni pé òjò ń ṣú bọ̀, àti bí ènìyàn ti í yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún títí aago mọ́kànlá òru yóò fi lù. Bí ogún ènìyàn bá sì sùn nínú yàrá kan, tí a ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀fọn, a kò ní láti ṣàlàyé ìyókù. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀ràn ìtìjú ni, ẹ̀rín ni a fi ń bò ó mọ́lẹ̀. A ń fi ẹnìkan ṣe ẹlẹ́yà lónìí, a ń fi ẹlòmíràn ṣe ẹlẹ́yà lọ́la, kò sì sí ẹni tí ó jókòó béèrè pé kí ni ó fa á. Àwa sì ni ẹni tí yóò lọ kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ara!

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn. Oríṣi ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà tí ó yàtọ̀ sí èyí tí a ń bù sínú tíì. Àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n ní raffinose, stachyose àti verbascose. Ara ènìyàn, ìbáà ṣe òyìnbó tàbí adúláwọ̀, ìbáà ṣe ọba tàbí ìwọ̀fà, kò ní oje tí ó lè tú àwọn ṣúgà wọ̀nyí palẹ̀. Nítorí náà wọn a la àpòlúkù kọjá, wọn a la ìfun kékeré kọjá láìdà, títí wọn yóò fi dé inú ìfun ńlá. Níbẹ̀ ni ẹgbàágbèje kòkòrò tín-ín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí ti ń dúró dè wọ́n. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀tá. Àlejò tí ó ń sanwó ilé ni wọ́n, nítorí wọ́n ń ṣe àwọn ohun kan tí ìfun wa ń lò fún okun ara rẹ̀. Wọn a bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ṣúgà náà, bí wọ́n sì ti ń jẹ ẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń jáde, gẹ́gẹ́ bí ẹmu ti í hó nínú akèrègbè. Ẹni tí ó bá ti dí ẹnu akèrègbè ẹmu pinpin rí mọ ohun tí à ń wí.

Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú afẹ́fẹ́ yìí kò ní òórùn rárá. Èyí tí ń rùn nínú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, èyíinì ni èyí tí imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí kò tilẹ̀ fẹnu kan ẹ̀wà, a máa yọ afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 10 sí 20 láàrin ọ̀sán àti òru. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òun kì í ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú Ẹlẹ́dàá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ìfun ńlá nìkan ni afẹ́fẹ́ ti ń wá. Èyí tí a gbé mì mọ́ òkèlè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ibi yìí gan-an ni a sì fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ wa bá wa gbọ́ dáradára. Ogún ìṣẹ́jú ni a fi sílẹ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán. Nínú ogún ìṣẹ́jú náà, ó máa ń tó mẹ́wàá tí a fi ń tò lórí ìlà kí àwo tó kàn wá. Mẹ́wàá tí ó kù, a ó jẹun nínú rẹ̀, a ó mu omi nínú rẹ̀, a ó fọ àwo nínú rẹ̀, a ó sì sáré lọ bá agogo. Ta ni ó lè rún ẹ̀wà lẹ́nu dáradára ní irú àkókò bẹ́ẹ̀? Gbígbé ni à ń gbé e mì bí ewúrẹ́ tí ó bọ́ sínú oko olóko. Bí a ti ń gbé e mì ni a ń sọ̀rọ̀, bí a ti ń sọ̀rọ̀ ni a ń gbá afẹ́fẹ́ sínú, apá kan rẹ̀ a gba ẹnu padà nígbà tí a bá gùfẹ̀, apá kejì a sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí a ó jókòó, a ó tẹ̀ ba lórí ìwé fún wákàtí méjì. Bí ó bá jẹ́ pé a rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, afẹ́fẹ́ ìbá rí ọ̀nà rìn pẹ̀lú. Nítorí ìrìn ara ń ran ìrìn ìfun lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni ó máa ń burú jù. A ti rí i pé ẹ̀rù àti àníyàn a máa mú kí ìfun tètè ní ìmọ̀lára, débi pé afẹ́fẹ́ kékeré tí ènìyàn kì bá tí kà sí ní ọjọ́ mìíràn yóò dàbí ẹrù ńlá nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ẹ̀wà fúnra rẹ̀, nítorí a ti fi ẹ̀sùn kàn án, ó sì yẹ kí a gbọ́ ẹjọ́ tirẹ̀. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ oúnjẹ méjì ní Amẹ́ríkà, Donna Winham àti Andrea Hutchins, gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n fún ní ẹ̀wà oríṣiríṣi jẹ ní ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nínú àwọn tí ó jẹ ẹ̀wà irú ti òyìnbó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí ó sọ pé afẹ́fẹ́ inú wọn pọ̀ sí i ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ó jẹ ẹ̀wà olójú dúdú, èyí tí í ṣe ẹ̀wà tiwa gan-an, 19 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ sì ti ń gorí ọ̀sẹ̀, iye àwọn tí ń ráhùn ń dín kù. Ara ń mọ́ ọn lára. Ẹ kíyè sí i: ojoojúmọ́ ni àwọn wọ̀nyí ń jẹ ẹ́, wọn kò jẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa ńkọ́? A kì í rí i láti ọjọ́ Àbámẹ́ta títí di Ọjọ́rú. Bí Ọjọ́rú bá sì dé, ẹni tí ó bá mọ ìyá alásè a máa gba àwo méjì. Ikùn tí kò múra sílẹ̀ ni à ń da ẹrù ńlá lé lórí.

Ọ̀nà tí a ń gbà sè é kò ṣàì ní ẹ̀bi tirẹ̀. Àwọn ìyá wa nílé a máa rẹ ẹ̀wà sínú omi kí wọn tó bó èèpo rẹ̀ fún àkàrà, mọ́ínmọ́ín, èkuru àti gbẹ̀gìrì. Omi tí wọ́n fi rẹ ẹ́ àti èèpo náà, dídànù ni wọ́n ń da méjèèjì nù. Bóyá wọn kò mọ orúkọ raffinose, ṣùgbọ́n apá kan nínú àwọn ṣúgà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan a máa bá omi ìrẹ̀ yìí lọ. Ní kọ́lẹ́jì, láti inú àpò ni ẹ̀wà ti ń bọ́ sínú ìkòkò. A ó fi omi kan ṣoṣo sè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nígbà tí àkókò bá sì ń lọ, a ó sọ káún sínú rẹ̀ kí ó lè tètè rọ̀. Káún ń mú ẹ̀wà rọ̀ lóòótọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè bá àwọn ìyá wa jiyàn lórí èyí. Ṣùgbọ́n ó ń ba fítámì kan tí a ń pè ní B1 jẹ́, èyí tí ẹ̀wà ìbá fún wa fún agbára iṣan àti ọpọlọ. Bí a bá rẹ ẹ̀wà ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí a da omi náà nù ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, tí a ṣàn án, tí a sì fi omi mìíràn gbé e kaná, yóò rọ̀ láìsí káún, igi ìdáná pàápàá yóò sì dín kù. Korobá méjì àti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní alẹ́ ọjọ́ kan ni gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí gbà. Bí a bá ń wá àwọn mẹ́rin náà, àwa ti ṣe tán láti kọ́kọ́ ṣe é.

Àwọn kan kò dúró de ìwé ẹ̀bẹ̀. Wọ́n ti ń wo ara wọn sàn. Ẹnìkan yóò po omi káún mu. Ẹlòmíràn yóò ra ẹlẹ́rìndòdò kí ó lè gùfẹ̀, bí ó bá sì ti gùfẹ̀ tán, yóò ní ara tu òun. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó jáde náà, inú ìgò ni ó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ún! Bákan náà ni káún: nígbà tí ó bá pàdé omi kíkan tí ó wà nínú àpòlúkù, afẹ́fẹ́ ni méjèèjì jùmọ̀ ń bí. Àwọn mìíràn ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, èyí tí a fi ọtí líle rẹ, wọn a sì yàgbẹ́ títí ojú wọn yóò fi jìn. Omi àti iyọ̀ ara ni wọ́n ń yà dànù. Àwọn kòkòrò inú ìfun yóò tún kún ipò wọn padà láìpẹ́, ẹ̀wà ọjọ́ Àbámẹ́ta yóò sì bá wọn nílé. Ní ti atalẹ̀ tí a gún tí a fi omi gbígbóná pò, a kò ní ohun búburú láti sọ nípa rẹ̀; ó ń ran àpòlúkù lọ́wọ́ láti tètè sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, kò sì ná wa ní owó púpọ̀.

Ó sì lè jẹ́ pé ohun mìíràn ni ó ń wú inú ẹni tí ń bú ẹ̀wà. Ní ọdún 1971, Norman Kretchmer ará Amẹ́ríkà àti Olíkóyè Ransome-Kuti, ẹni tí ó di Mínísítà fún Ètò Ìlera ní Nàìjíríà lẹ́yìn náà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, fi hàn pé ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn Yorùbá tí ó ti dàgbà kò lè da ṣúgà inú mílíìkì bí ó ti yẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn Fúlàní darandaran lè dà á. Ẹni tí ó bá da agolo mílíìkì kan sínú gàrí ní ọ̀sán, tí inú rẹ̀ sì wú ní alẹ́, kí ó tó di ẹ̀bi ru ẹ̀wà, kí ó fi mílíìkì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ná. Gàrí náà kò sì mọ́ tó bí a ti rò. A ti gbogbo wa mọ̀ pé gàrí tí ó dára a máa wú tó ìlọ́po mẹ́ta nínú omi. Ẹni tí kò bá dúró kí ó wú tán nínú àwo, inú rẹ̀ ni yóò ti parí wíwú. Èyí ni oúnjẹ tí ìwé ẹ̀bẹ̀ ní kí a fi dípò ẹ̀wà nítorí inú wíwú!

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ṣòro láti kọ sínú ìwé bí èyí, ṣùgbọ́n a ó kọ ọ́. Ilé ìgbẹ́ wa kò tó, kò sì mọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Nítorí èyí, àwọn kan nínú wa a máa pa á mọ́ra láti òwúrọ̀ di alẹ́, wọn a sì dín omi mímu kù kí ó má bàa yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹni tí kò bá rí ìgbẹ́ yà fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ni yóò ṣe tí inú rẹ̀ kò fi ní wú? Ó ti dí ẹnu akèrègbè. Bí a bá fẹ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, a rò pé ibẹ̀ ni ìbá yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni ó mú wa gbèjà ẹ̀wà tó báyìí? Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, èyí tí í ṣe èròjà amáradàgbà tó nǹkan bí 23. Nínú ìwọ̀n gàrí kan náà, kò fi bẹ́ẹ̀ ju 1 tàbí 2 lọ. Ẹran tí a ń rí nínú ọbẹ̀ wa, ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹ́ mọ bí ó ti tóbi tó. Bí a bá lé ẹ̀wà lọ, kò sí ohun tí ó ṣẹ́kù tí yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nínú owó oúnjẹ tí a ń san. Oúnjẹ ilẹ̀ wa sì ni. Ilẹ̀ Áfíríkà ni a ti kọ́kọ́ gbìn ín, ilé-iṣẹ́ IITA tí ó wà ní Ìbàdàn sì kó irúgbìn rẹ̀ tí ó ju 15,000 oríṣi lọ pamọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wúwo jù lọ́kàn wa ni èyí: inú wíwú mìíràn wà. Ní ọdún 1933, Dókítà Cicely Williams, obìnrin tí a bí ní Jàmáíkà tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí a ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àrùn kan tí ó rí lára àwọn ọmọdé tí a já lẹ́nu ọmú, tí a sì ń fi ẹ̀kọ àgbàdo nìkan bọ́. Ẹsẹ̀ wọn wú, ikùn wọn yọ síwájú, irun wọn pọ́n. Ní ọdún 1935 ó pe àrùn náà ní kwashiorkor, orúkọ tí àwọn Gã ń pè é, èyí tí ó jẹ mọ́ ọmọ tí àbúrò rẹ̀ gba ipò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá. Àwọn tí ó bá rí àwòrán àwọn ọmọ Biafra nígbà ogun 1967 sí 1970 ti rí ikùn náà. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ẹ̀wà ni ó wú u. Omi tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀, ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá ti kún, àti iṣan ikùn tí kò ní agbára mọ́ ni; àìrí oúnjẹ gidi jẹ ni ó sì wà nídìí rẹ̀. Àwa olùkọ́ ọ̀la ni a ó dúró níwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní abúlé. Ìyá rẹ̀ yóò sọ fún wa pé òun kì í fún un ní ẹ̀wà nítorí pé ikùn rẹ̀ ti wú tẹ́lẹ̀. Kí ni a ó wí fún un, bí àwa pàápàá bá ti lé ẹ̀wà kúrò níwájú wa nítorí ìdí kan náà?

Ọmọ mìíràn wà tí aràn ni ó wú ikùn rẹ̀, òmíràn wà tí omi odò tí kò mọ́ ni ó fún un ní kòkòrò tí ń da inú rú. Ní ti àgbàlagbà, bí inú bá ń wú lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsinmi, bí ara bá ń rù, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ibà bá wà pẹ̀lú rẹ̀, tàbí bí ojú bá pọ́n bí ìyeyè, ọ̀ràn ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ọ̀ràn atalẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀ràn ẹni tí a rò pé ó fi nǹkan sínú oúnjẹ fún wa. Obìnrin tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi falẹ̀ rárá, nítorí àrùn jẹjẹrẹ ibi tí ẹyin ọmọ ń gbé a máa kọ́kọ́ fi ara hàn báyìí. Bí ikùn bá sì le, tí ó ń dunni gidigidi, tí ènìyàn ń bì, tí ìgbẹ́ tàbí afẹ́fẹ́ kò sì lè jáde, kí a má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Nítorí ìdí gbogbo wọ̀nyí, a ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tiwa. Ohun mẹ́rin ni a béèrè nínú rẹ̀: kí a máa rẹ ẹ̀wà ní alẹ́, kí a sì máa da omi rẹ̀ nù, kí a máa jẹ ẹ́ ní ìgbà mẹ́rin lọ́sẹ̀ ní ìwọ̀n díẹ̀díẹ̀ dípò ìgbà méjì ní àjẹyó, kí oúnjẹ ọ̀sán gba ogójì ìṣẹ́jú, kí a sì gbẹ́ ilé ìgbẹ́ méjì sí i kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìkàwé títí di ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tí ó bá ti fi orúkọ sí ti àkọ́kọ́ lè wá fi sí èyí pẹ̀lú, a kò ní bi í ní nǹkan kan.